Lọ́yà Tí Ó Gba Wákáfù Padà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Muhammad Ali Jinnah

 

Bí a bá dárúkọ Muhammad Ali Jinnah láàrin àwọn Mùsùlùmí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ẹni ni ilẹ̀ Pàkísítánì tí ó dá sílẹ̀ ní 1947. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè pa á rẹ́ nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ọkùnrin yìí ti ṣe ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣáájú ìgbà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Iṣẹ́ náà kan ilé, ó kan ilẹ̀, ó kan ogún àti ọmọ òrukàn. Ó kan gbogbo Mùsùlùmí tí ó bá ní dùkíá, tí kò sì fẹ́ kí ó fọ́nká lẹ́yìn ikú òun. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọ oníṣòwò títí di ọjọ́ tí wọ́n sin ín.

ỌMỌ ONÍṢÒWÒ

Ìlú Karachi, ní etí òkun, ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1876. Jinnahbhai Poonja ni orúkọ baba rẹ̀, oníṣòwò sì ni. Inú ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní Khoja ni wọ́n ti wá, àwọn tí òwò ṣíṣe mọ́ lára bí ẹní mu omi. Baba rẹ̀ ní àjọṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Graham's, èyí tí ń kó ẹrù lọ tí ń kó ẹrù bọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà rí i pé ọmọ yìí já fáfá, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ kọ́ òwò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ láìní aya nílé, nítorí náà wọ́n fi ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Emibai fún un kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣe ni láàánú pé àti ìyá àti aya ni ó kú nígbà tí ó ṣì wà lókè òkun.

Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò pẹ́ tí iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìtajà fi sú u. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1893 ní Lincoln's Inn, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Inú bí baba rẹ̀ gidigidi. Nígbà tí Jinnah dàgbà, ó sọ fún àwọn lọ́yà ìlú Karachi pé ìdí tí òun fi yan ibẹ̀ ni pé òun rí orúkọ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, láàrin orúkọ àwọn ẹni ńlá tí ó fún aráyé ní òfin. Ní 1896, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré, wọ́n pè é sí ipò agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n òwò baba rẹ̀ ti wó kí ó tó padà délé. Kò jókòó sí Karachi, ìlú Bombay ni ó lọ kọ́ ọ́físì sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń lọ sí kóòtù tí ó ń bọ̀ láìrí ẹjọ́ gidi gbà. Ní 1900, wọ́n fi í ṣe adájọ́ kékeré fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí àkókò náà pé, wọ́n ní kí ó wá gba iṣẹ́ náà pátápátá, kí ó máa gba 1,500 rúpì lóṣù. A gbọ́ pé ó ní rárá, òun yóò máa pa iye náà lójúmọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nígbà náà lè pè é ní agbéraga, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tí owó wọn ga jù lọ ní gbogbo Íńdíà.

AGBẸJỌ́RÒ TÍ KÒ ṢE OJÚSÀÁJÚ

Ní 1906, Jinnah bá àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ Congress péjọ ní Calcutta. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan. Híńdù wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ Muslim League náà ní 1913, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn kúrò ní Congress. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nígbà náà ni pé bí Híńdù àti Mùsùlùmí bá fìmọ̀ ṣọ̀kan, òyìnbó kò ní lè dá wọn dúró. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe fún Tilak. Híńdù paraku ni Tilak, ó sì jẹ́ ọ̀tá ìjọba òyìnbó. Ní 1916, ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní gbangba lè dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Jinnah, ọmọ Mùsùlùmí, ni ó dúró fún un ní ilé ẹjọ́ gíga Bombay, tí ó sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ó wà lára àwọn tí ó ṣe àdéhùn Lucknow láàrin Congress àti League, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìpín tí Mùsùlùmí yóò ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ikọ̀ ìrẹ́pọ̀ láàrin Híńdù àti Mùsùlùmí.

Ọ̀RỌ̀ WÁKÁFÙ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Kí ni à ń pè ní wákáfù? Bí Mùsùlùmí bá ní ilé, ilẹ̀ tàbí oko, tí ó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, kò ṣe é tà mọ́, kò ṣe é fi tọrẹ, a kò sì lè pín in bí ogún. Èrè tí ó bá ń ti inú rẹ̀ jáde nìkan ni wọn yóò máa ná, sí ibi tí ẹni tí ó yọ ọ́ sọ́tọ̀ bá wí. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú hàdíìsì pé nígbà tí Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaybar, ó lọ bi Ànábì ohun tí òun lè fi ṣe. Ìmọ̀ràn tí Ànábì fún un ni pé kí ó di ilẹ̀ náà mú, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà.

Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà ti ń lo ọ̀nà yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Baba á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn ọmọ òun àti ọmọ ọmọ òun máa jẹ èrè ilé òun láti ìran dé ìran, àti pé bí ìran òun bá parẹ́, kí èrè náà di ti àwọn aláìní. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tí ó bọ́ ará ilé rẹ̀, sàráà ni ó ṣe. Báyìí ni ilé kò ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé, tí ọmọ onínàákúnàá kan kò sì lè ta ilé baba mọ́ àwọn yòókù lórí.

Ní 1894, ẹjọ́ kan láti ilẹ̀ Bengal dé iwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà fún gbogbo ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso, èyí tí wọ́n ń pè ní Privy Council, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni wọ́n ti yọ dùkíá wọn sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé bí ìran àwọn bá tán, kí ó di ti àwọn opó, ọmọ òrukàn àti alágbe. Àwọn adájọ́ wò ó, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe sàráà. Wọ́n ní ohun tí ó kan aláìní nínú rẹ̀ jìnnà jù, ó dà bí àlá lásán, nítorí náà wákáfù náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ojú tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo sàráà ni wọ́n fi wo ti Mùsùlùmí.

Ìpayà bá àwọn ìdílé Mùsùlùmí káàkiri Íńdíà. Wákáfù tí bàbá ńlá wọn ti fi lélẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó, tàbí ọmọ kan tí inú ń bí, lè gbé e lọ sí kóòtù kí ó sì tú u ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé pariwo. Ameer Ali, tí ó ti jẹ́ adájọ́ ní Calcutta, kọ̀wé lòdì sí i. Shibli Nomani, àgbà áàfáà, rin ìrìn àjò nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo kì í yí ìdájọ́ Privy Council padà. Òfin tuntun nìkan ni ó lè yí i.

Ibẹ̀ ni Jinnah ti wúlò. Láti 1910 ni ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Gómìnà Àgbà ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn Mùsùlùmí Bombay dìbò yàn án sí. Ní 1911, ó gbé àbá òfin wákáfù wá síwájú ìgbìmọ̀ náà. Kò bú òyìnbó, kò sì sunkún. Ó fi hàn wọ́n pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣe ìlérí pé òfin Mùsùlùmí ni wọn yóò fi máa dá ẹjọ́ ogún Mùsùlùmí, àti pé nínú òfin náà, bíbọ́ ìran ẹni wà lára sàráà. Ọ̀rọ̀ náà fà gùn, ó wọ inú ìgbìmọ̀ kékeré, ó tún jáde. Ní 1913, ó di òfin. Òfin náà sọ pé Mùsùlùmí lè ṣe wákáfù fún ìdílé àti ìran rẹ̀, bí ó bá sáà ti fi òpin rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aláìní tàbí iṣẹ́ ẹ̀sìn tí kì í parẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Jinnah nígbà náà. Nígbà tí àwọn kóòtù sì tún sọ pé òfin náà kò kan wákáfù tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1913, wọ́n ṣe òmíràn ní 1930 tí ó kó àwọn ti àtijọ́ náà mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ará Íńdíà nìkan ni èyí. Privy Council tí à ń wí yìí, òun kan náà ni àwa náà ń gbé ẹjọ́ wa lọ bá láyé òyìnbó. Ní 1913 gan-an, ọdún tí òfin wákáfù jáde, ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, ní Èkó. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, kò gbà pé owó ìtanràn bíńtín ni ó tọ́ sí àwọn ènìyàn òun. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà lọ́nà tí ó pé, kì í ṣe ìjọba. Ilé ẹjọ́ kan náà tí ó tú wákáfù ká ní 1894 ni ó dá àwọn ará Èkó láre lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ó sì mọ ohun tí òfin wí.

LÁTI CONGRESS DÉ PÀKÍSÍTÁNÌ

Ní 1920, Jinnah kúrò nínú Congress. Gandhi ti dé, ó ń kó èrò rẹpẹtẹ jáde sí ìgboro, ó ní kí wọ́n kọ kóòtù àti ilé ìwé ìjọba sílẹ̀. Jinnah, tí í ṣe ọmọ òfin, ní ọ̀nà náà yóò dá ìjà sílẹ̀. Ní ìpàdé Nagpur, àwọn èrò hó lé e lórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní 1929, aya rẹ̀ kejì, Rattanbai, tí ó fẹ́ ní 1918, kú. Láti 1930 títí di 1934 ni ó fi Íńdíà sílẹ̀ tí ó lọ gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Fatima àbúrò rẹ̀, tí ó sì ń ro ẹjọ́ níwájú Privy Council.

Àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ni ó lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wálé. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 1937, League fìdí rẹmi. Ìjókòó tí wọ́n rí nínú ti Mùsùlùmí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Congress ń ṣe ìjọba, wọ́n sì kọ̀ láti bá League pín in. Láti ìgbà náà ni Jinnah ti ń sọ pé Mùsùlùmí kì í ṣe ìjọ kékeré kan lásán nínú Íńdíà, orílẹ̀-èdè ni wọ́n lọ́tọ̀. Ní oṣù Kẹta 1940, ní ìlú Lahore, League pinnu pé àwọn ń fẹ́ ilẹ̀ tiwọn. Ìbò tí wọ́n dì ní ìparí 1945 fi hàn pé àwọn Mùsùlùmí ti tẹ̀ lé e: gbogbo ìjókòó Mùsùlùmí nínú ilé aṣòfin àpapọ̀, tí ó jẹ́ ọgbọ̀n, ni League kó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1947, Pàkísítánì bẹ̀rẹ̀, Jinnah sì di Gómìnà Àgbà rẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ ibi dídùn kí a fi ibi kíkorò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1946, League pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní Calcutta, ìjà bẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Híńdù àti Mùsùlùmí sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí àkókò tó láti pín ilẹ̀, lọ́yà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Cyril Radcliffe, tí kò dé Íńdíà rí, ni wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti fa ààlà náà. Ààlà gba àárín oko kọjá, ó pín abúlé sí méjì. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn ni ó fi ilé wọn sílẹ̀. Lórí iye àwọn tí wọ́n pa, àwọn òpìtàn kò fẹnu kò: àwọn kan ní 200,000, àwọn mìíràn ní ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Híńdù kú, Sikh kú, Mùsùlùmí kú. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú òmìnira, Jinnah ti sọ fún àwọn aṣòfin rẹ̀ pé kí oníkálukú máa lọ síbi ìjọsìn tirẹ̀ ní fàlàlà, nítorí ẹ̀sìn ẹni kò kan ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n iná ti ràn.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù Kẹta 1948, ó lọ sí Dhaka, láàrin àwọn Mùsùlùmí tí ń sọ èdè Bengali, ó sì sọ fún wọn pé èdè Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè orílẹ̀-èdè. Àwọn yẹn pọ̀ ju ìdajì gbogbo ará Pàkísítánì lọ. Wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ní 1952, wọ́n yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nítorí èdè wọn, nígbà tí ó sì di 1971, wọ́n jà, wọ́n yapa, wọ́n di Bangladesh. Ẹ̀sìn kan náà kò tó láti so àwọn ènìyàn pọ̀ bí a bá tẹ èdè ìyá wọn mọ́lẹ̀. Àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè tiwa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

IKÚ RẸ̀ ÀTI ÌWÉ ÌHÁGÚN RẸ̀

Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní gbogbo ìgbà tí Jinnah ń bá òyìnbó àti Congress fa ọ̀rọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, dókítà rẹ̀ sì bá a pa á mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1948, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà sí Karachi. Ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, tí ó wá gbé e láti pápá ọkọ̀ òfuurufú, bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sínú oòrùn títí òmíràn fi dé. Ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọlọ́hun nìkan ni Ọba tí kì í kú.

Ṣùgbọ́n kò kú láìfi ìwé sílẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 1939, ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ni ó ti kọ ìwé ìhágún rẹ̀. Ó yan ti Fatima àti ti ọmọbìnrin rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi owó sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwé ní Bombay àti Delhi. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù, ó ní kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: kí ìkan jẹ́ ti yunifásítì Mùsùlùmí ní Aligarh, ìkan ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Islamia ní Peshawar, ìkan ti ilé ìwé Sindh Madrasa ní Karachi tí òun náà ti kàwé. Nígbà tí ilẹ̀ pín, Aligarh, Bombay àti Delhi bọ́ sí apá Íńdíà. Síbẹ̀ kò yí ìwé náà padà.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará, Jinnah kì í ṣe áàfáà. Kóòtù òyìnbó ni ó ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè òyìnbó ni ó sì já fáfá sí jù lọ. Síbẹ̀ òun ni Ọlọ́hun lò láti gba ilé àwọn ọmọ Mùsùlùmí padà nígbà tí ilé ẹjọ́ ti tú u ká. Bí kò bá sí áàfáà tí ó mọ ohun tí Ṣẹ̀ríà wí, kò ní mọ ohun tí yóò gbèjà. Bí kò bá sì sí lọ́yà tí ó mọ bí a ṣe ń ṣe òfin, ìmọ̀ áàfáà ì bá parí sórí ẹní. Àwọn méjèèjì ni ìjọ nílò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan wo ilẹ̀ tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà. Mélòó ni ó wà lórí ilẹ̀ tí bàbá àgbà kan fi ẹnu lásán yọ̀ǹda? Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ẹni tí ó fún wa ní ilẹ̀ tó kú, kí a pe àwọn ọmọ rẹ̀, kí a pe lọ́yà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákáfù ni, kí a sì fi orúkọ àwọn tí yóò máa bójú tó o sí i.

Ẹni tí ó ní ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, kí ó bá áàfáà tí ó mọ ìpín ogún nínú Alùkùráánì jókòó, kí ó sì bá lọ́yà jókòó. Ànábì wa kọ́ wa pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò fi lélẹ̀ sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lọ nínú Alùkùráánì, ẹsẹ̀ 282 nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó dá lé: pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú máa tì yín láti kọ gbèsè sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ ni ẹni tí ó gba ọjà àwìn. Ìwé kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àìsí ìwé ni ó ń bà á jẹ́.

Ọmọ tí ó bá sì ní orí ìwé nínú ilé wa, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, kí a jẹ́ kí ó kọ́ ìmọ̀ òfin bí ó bá fẹ́, kí a má ṣe rò pé ilé kéwú nìkan ni ìmọ̀ tí ó ń ran ẹ̀sìn lọ́wọ́ wà. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó má jẹ́ kí dùkíá wa di ìjà lẹ́yìn wa. Àmín.